Ọ̀sán Àtọwọ́dá

"Ẹ̀gbọ́n, aago mélòó ló lù?" Adúmáradán béèrè, kò gbójú kúrò lára ẹ̀wù tó ń rán.

Fọ́máànù rẹ́rìn-ín. "Wòkè. Ṣé oòrùn ti ń wọ̀ ni?"

Òkè tó wí yẹn, àjà yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni. Ọ̀gá ló ra iná tó ń ṣe bí oòrùn síbẹ̀: láàárọ̀ á rọra mọ́, lọ́sàn-án á funfun báláú, nírọ̀lẹ́ á pọ́n, àwọn aránṣọ á sì palẹ̀ mọ́. Wọ́n ti ṣàdúrà fún ọ̀gá títí nítorí ẹ̀, torí òwú dúdú àti búlúù kì í jọra lójú wọn mọ́. Kò sí fèrèsé, kò sí aago, fóònù wọn sì wà lọ́wọ́ ọlọ́dẹ lẹ́nu ọ̀nà. Ta ló tún ń wá aago nígbà tí oòrùn wà lókè?

Adúmáradán ń wá a. Ọkọ rẹ̀ wà ní ọsibítù, aago mẹ́fà ni wọ́n sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò. Láàárọ̀, dókítà sọ ọ́ láì fi epo bọ iyọ̀: "Màmá, ẹ tètè dé lónìí o. Kò dájú pé ọkọ yín máa rí ọ̀la." Ì bá má tilẹ̀ wá síbi iṣẹ́, àmọ́ ẹni tó bá pa ọjọ́ kan jẹ lọ́dọ̀ wọn, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Aago márùn-ún ni wọ́n ń ṣíwọ́, ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni ọsibítù. Ó ní òun á bá a.

Ó rán apá, ó rán ọrùn, iná ò yí padà. Ẹ̀yìn ń ro ó, ebi sì ń pa á, irú ebi tí kì í pa á lọ́sàn-án. Ó tún béèrè.

"Ìwọ obìnrin yìí, ránṣọ rẹ jàre!"

Nígbà tí iná wá pọ́n, òun ló kọ́kọ́ dé orí àtẹ̀gùn. Ìta ti ṣú biribiri.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ọlọ́dẹ wí, ó na fóònù sí i. "Wọ́n dá ọ̀sán dúró fún yín lónìí? Torí ẹ̀wù tí wọ́n fẹ́ kó lọ lọ́la náà ni. Aago mẹ́jọ ti kọjá."

Háà! Ọgbọ́n burúkú! "Olè ni yín!" ó pariwo, ó ti ń sáré.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan dì í lọ́wọ́ mú lẹ́nu ilẹ̀kùn ọsibítù.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Ó pẹ́ kí ọkọ yín tó dákẹ́. Ojú rẹ̀ ò ríran mọ́, ó ṣáà ń bi wá bóyá ilẹ̀ ti ṣú. A ní kò tíì ṣú, kó má bàa rò pé ẹ ò wá mọ́."