Olóòlù Fóòmù Wá Tọrọ Ìyàwó

Níbi ọjọ́ ìbí ọmọdé ni àfẹ́sọ́nà ọmọ káfíńtà ti ń ṣe òrìṣà àrá àwọn òyìnbó ìlú yìnyín, èyí tí wọ́n ń fi ṣe fíìmù yẹn. Àfi bó ṣe gbé irun àtọwọ́dá àti òòlù fóòmù wá tọrọ ọmọ.

Káfíńtà wò ó tẹ̀gàntẹ̀gàn. "Olóòlù, gba tèmi. Àpótí tó o jókòó lé ń mì. Òòlù irin àti ìṣó rèé. Tó bá ti lè dúró dáadáa, máa mú ọmọ mi lọ."

Òrìṣà gbé òòlù irin náà sókè, àtàǹpàkò ara rẹ̀ ló gbá. Ló bá ń pe ìyá rẹ̀.

Ọmọbìnrin gba òòlù, ó kan ìṣó náà wọlé. "Bàámi, ó ti dúró. Ẹ ò sọ ẹni tó máa kàn án."

"Mú un. Tí àrá bá sán, kó o dì í mú o."