Bọ́ọ̀lù Tí Emil Kọ Sílẹ̀ Ní Àṣìṣe

Ní ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù Keje ọdún 1984, Emil Hudak fi pẹ́ńsùlù kọ àmì kékeré kan sínú ìwé eré. Láti ọjọ́ náà ni Delbert Sizemore ò ti bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ yẹn ò tó ohun tí èèyàn ń dì sínú fún ọdún mọ́kànlélógójì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Iléeṣẹ́ táyà kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ ní Akron, wọ́n sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù iléeṣẹ́ náà. Delbert ló ń ṣọ́ ibùdó kẹta. Emil ni akọ̀wé eré, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò jẹ́ kó lè sáré. Ní gbogbo ọdún yẹn, bọ́ọ̀lù kankan ò bọ́ mọ́ Delbert lọ́wọ́. Kò sí olùṣọ́ ibùdó kẹta kankan nínú líìgì àwọn òṣìṣẹ́ tó tíì parí ọdún láìní àṣìṣe kan ṣoṣo, ó sì ku eré méjì péré kí Delbert di ẹni àkọ́kọ́.

Virgil Toth ló ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn lọ́jọ́ yẹn. Òun náà ń lé nǹkan tirẹ̀: ó ku èèyàn kan kó parí eré láìsí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ yege. Ìgbà yẹn ni géńdé kan láti iléeṣẹ́ kejì gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n yìnbọn. Bọ́ọ̀lù náà kan òkúta, ó yí ọ̀nà padà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ìbọ̀wọ́ Delbert kọjá lọ. Akọ̀wé eré ló ń pinnu irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Tó bá kọ ọ́ pé géńdé yẹn gbá a yege, ti Virgil ti bàjẹ́. Tó bá kọ ọ́ pé Delbert ló ṣe àṣìṣe, ti Delbert ló bàjẹ́. Kò sí ọ̀nà kẹta. Emil wo pápá, ó wo Virgil, tó jẹ́ àbúrò ìyàwó rẹ̀, ó wá tẹ orí ba ìwé. Ó kọ àṣìṣe sí Delbert lọ́rùn. Ẹni tó tẹ̀ lé e ò rí bọ́ọ̀lù gbá, ọwọ́ Virgil sì tẹ ohun tó ń lé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n yan àwọn àṣàyàn líìgì, àwọn tó máa lọ gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ńlá Cleveland kí àwọn ẹgbẹ́ ńlá tó bọ́ síbẹ̀. Ẹlòmíì tí òun náà ní àṣìṣe kan, àmọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà ju Delbert lọ, ni wọ́n mú. Bẹ́ẹ̀ Delbert ti kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀, bàbá náà sì ti wọ bọ́ọ̀sì wá láti West Virginia, ó de táì. Wọ́n jọ jókòó sáàárín àwọn òǹwòran. Bàbá náà jẹ búrẹ́dì oní-sọ́séèjì tirẹ̀ tán, ó nu ọwọ́, kò béèrè ohunkóhun. Ìyẹn ló dun Delbert jù.

Síbẹ̀, orí tábìlì kan náà ni Delbert àti Emil ti ń jẹun láràárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nílé oúnjẹ Roxanne ni àwọn ọmọ iléeṣẹ́ táyà ti ń jiyàn bésíbọ́ọ̀lù látọjọ́ pípẹ́, Delbert ò sì rí ìdí tí òun á fi kúrò níbẹ̀ torí Emil. Emil náà ò kúrò. Ikú ló ń mú wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Virgil ló lọ kẹ́yìn, nínú oṣù Kẹta ọdún yìí. Ó wá ku àwọn méjèèjì àti Boykin, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó kéré sí wọn ní bí ọdún mẹ́wàá.

Ọjọ́bọ̀ tí à ń wí yìí ni ìkẹyìn Delbert. Tó bá di Sátidé, ọmọ rẹ̀ Kendra á wá gbé e lọ sí Tucson, torí dókítà ti ní kó má dá gbé mọ́, ọkàn rẹ̀ ò lágbára. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni lórí tábìlì náà. Ó ti pinnu pé òun ò ní bẹ̀bẹ̀, òun ò sì ní béèrè. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu Emil kó tó lọ, pé bọ́ọ̀lù yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Tí kò bá gbọ́ ọ láàárọ̀ yìí, kò ní gbọ́ ọ láéláé.

"Wọ́n ti gbé Ledesma lọ!" Boykin ti ń pariwo kó tó fìdí jókòó. Ledesma ni gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ ńlá Cleveland. "Ìjẹta ló ti eré àwọn àṣàyàn dé. Ọkùnrin náà ò tíì tú ẹrù rẹ̀, wọ́n ní kó máa di í padà!"

"Wọ́n fi ṣe pààrọ̀ ni," ni Emil wí.

"Pààrọ̀ kí ni? Ajubọ́ọ̀lù méjì tí èjìká ń dùn, àti ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan tí ìyá rẹ̀ nìkan mọ orúkọ rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n Emil, tí wọ́n bá fi ẹ̀yin náà ṣe irú pààrọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé, ṣé inú yín á dùn?"

Roxanne ń bu kọfí sí ife wọn. "Bi ìyàwó wọn léèrè ná," ó ní. "Ó lè ti máa wá ẹni tó máa gbà wọ́n."

Delbert rẹ́rìn-ín sínú kọfí rẹ̀. Ó fẹ́ràn tábìlì yìí. Ó ń wo igi àga tó ti họ, ó ń wo òógùn ojú Boykin, ó ń rò ó pé ní Tucson, ta ni èèyàn á máa bá jà lórí ọ̀rọ̀ Ledesma?

"Boykin," ó ní, "sọ fún ọkùnrin tó jókòó tì ẹ́ yẹn pé àwọn tó ni ẹgbẹ́ ló ya olè. Wọ́n fi ojú Ledesma pe èèyàn wá sí pápá ní gbogbo oṣù Kẹfà, wọ́n wá lé e lọ."

"Boykin, sọ fún un pé Ledesma ò gbá nǹkan kan yege láti ọ̀sẹ̀ méjì," ni Emil fèsì.

"Sọ fún un pé ọrùn ọwọ́ ló ń dùn ún!"

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbọ́," Boykin gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wa bọ́ọ̀sì ní ìlú yìí. Mo gbé ọ̀mùtí, mo gbé wèrè. Kò sí èrò tó dà mí láàmú tó ẹ̀yin méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ohun tó wà láàárín yín ò tó mítà kan."

Wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ eré àwọn àṣàyàn. Boykin ní ìbò náà, màkàrúrù ni, pé àwọn ará ìlú ńlá ń tẹ fóònù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kí wọ́n lè kó èèyàn tiwọn wọlé. Emil ní ti ìbò ò dun òun tó ti ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wá láti máa bá rẹfirí jiyàn. Agbábọ́ọ̀lù á kàn fọwọ́ kan fìlà láti fi pe ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì ní irọ́ ni rẹfirí pa, lójú gbogbo ayé.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Delbert wí. "Boykin, sọ fún un pé ó dáa kí nǹkan kan wà tó máa ń sọ òótọ́."

"Ẹ ò sì tíì gbọ́ èyí," ni Boykin wí, kò ronú kó tó là á lẹ́nu. "Àṣìṣe tí wọ́n kọ sí Ledesma lọ́rùn lọ́jọ́ Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó kọjá, líìgì ti yí i padà. Wọ́n wo fídíò, wọ́n ní ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù náà ló gbá a yege, wọ́n ti nù ún kúrò lórúkọ rẹ̀."

Boykin rí ohun tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da sírọ́ọ̀pù sórí ẹyin.

"Ọjọ́ mélòó ló gbà wọ́n?" ni Delbert bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́…"

"Ọjọ́ mélòó?"

"Mẹ́ta."

"Sọ fún un pé ọjọ́ mẹ́ta ni."

Emil ń wo ojú títì. "Boykin, sọ fún un pé àwọn yẹn ní fídíò."

"Sọ fún un pé ó ní ojú tirẹ̀."

Ibẹ̀ ni Roxanne ti gbé àwo dé iwájú Delbert, páńkéèkì mẹ́rin àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tó yan gbẹ bí Delbert ṣe máa ń fẹ́ ẹ. "Èyí, èmi ni mo fi ṣe ọ́ lálejò," ó ní, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Kendra pè mí. O fẹ́ lọ láìdágbére fún mi, ìwọ olóríkunkun yìí?"

"Lọ síbo?" ni Boykin béèrè.

"Arizona," ni Roxanne wí. "Lọ́jọ́ Sátidé. Kò sì ní padà wá."

Boykin ju fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Sátidé wo? Ẹ̀gbọ́n Delbert! Ẹ jókòó síbí, ẹ ń bá mi jà lórí Ledesma, ẹ ò sọ fún mi? Ta ló máa kù síbí? Èmi nìkan ni màá máa gbọ́ ẹnu Ẹ̀gbọ́n Emil?"

"Boykin," ni Emil wí pẹ̀lú ohùn kékeré, "bi í léèrè pé ṣé òótọ́ ni."

"Sọ fún un pé òótọ́ ni."

Delbert fi àyè sílẹ̀. Tí ọkùnrin yẹn bá ní ohun tó fẹ́ sọ, àkókò rèé. Ó gé páńkéèkì, ó jẹ ẹ́, ó mu kọfí. Emil gbé ọwọ́ ọ̀tún lé tábìlì, ó ń fi àtàǹpàkò pa ìka àárín níbi tí pẹ́ńsùlù ti gbẹ́ ẹ sínú láti ọdún gbọọrọ.

Ọwọ́ yẹn ni Delbert ń wò. Ìbínú ló fẹ́ fi wò ó, àmọ́ Wilma, ìyàwó rẹ̀ tó ti di olóògbé, ló sọ sí i lọ́kàn.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni. Ìtọ̀ ṣúgà ti gba ojú Wilma, kíndìnrín sì ń dáṣẹ́ sílẹ̀. Obìnrin náà fẹ́ràn bésíbọ́ọ̀lù ju oúnjẹ lọ. Láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹsàn-án, gbogbo ìgbà tí ẹgbẹ́ ńlá Cleveland bá ní eré ọ̀sán, Emil á fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ò dáa gun àtẹ̀gùn ilé wọn, á jókòó tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á tan rédíò, á ṣí ìwé eré lórí orúnkún. Gbogbo ohun tó bá ń kọ, á máa là á sílẹ̀ fún un. "Bọ́ọ̀lù lọ sọ́wọ́ ọ̀tún, Wilma. Ẹnì kan ti sáré délé. Mo ti kun àmì rẹ̀ dúdú nínú ìwé." Wilma á ní, "Àṣìṣe nìyẹn, Emil, má tàn mí!" Emil á ní, "Ó gbá a yege, Wilma." Wọ́n á jà, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Tí Emil bá ti ń gba iwájú wọlé ni Delbert á gba ẹ̀yìn jáde lọ sí gáráàjì, á máa to ìṣó tí ò nílò títò. Ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí Wilma kú, Emil wà lára àwọn tó gbé pósí. Delbert ò sọ pé o ṣeun.

Kò tíì sọ ọ́ dòní. Ọ̀sán Sátidé kan ṣoṣo ló ti ń rántí láti ọdún mọ́kànlélógójì. Gbogbo ọ̀sán ọdún àìsàn Wilma, kò jẹ́ kí òun rántí wọn rí. Kí ló wá kù tó fẹ́ gbọ́? Bí Emil ò bá sọ ọ́, kó má sọ ọ́. Ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

"Emil," ó ní.

Boykin yíjú padà kíá. Roxanne, tó ti ń padà lọ sídìí káńtà, dúró.

"Ọdún tí Wilma ń ṣàìsàn," Delbert ń bá a lọ, kò wo ẹlòmíì. "Gbogbo ẹ̀rín tó rín lọ́dún yẹn, ọ̀dọ̀ rẹ ló ti rí i. Mo wà nínú gáráàjì, mo ń gbọ́ ọ. Èmi ò lè mú un rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà yẹn, ẹ̀rù ti bà mí jù. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Mo dúpẹ́, Emil. Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe dúpẹ́ tó."

Emil ti àwo rẹ̀ sẹ́yìn. "Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Mo ti dúpẹ́ tán."

"Mo ní má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi!" Ó gbé ohùn sókè, ó tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. "Wilma bi mí léèrè lọ́jọ́ kan, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Ó ní, 'Emil, bọ́ọ̀lù ti Delbert yẹn, ṣé àṣìṣe ni lóòótọ́?' Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin tí ò ríran ni mo parọ́ fún, tó di ọwọ́ mi mú."

Delbert gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ kalẹ̀.

"Virgil ṣì wà láyé nígbà yẹn," Emil ní. "O mọ bí ayé Virgil ṣe rí. Ọtí gba iṣẹ́ rẹ̀, ó gba ìyàwó rẹ̀. Ọjọ́ kan yẹn nìkan ló ní. Ó tọ́jú bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà sílé, gbogbo ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ti fọwọ́ kàn án. Mo ní tí òun bá lọ, màá sọ ọ́. Ó lọ lóṣù Kẹta, mi ò sọ ọ́. Ojú ń tì mí. Ó ti pẹ́ jù."

"Mi ò bi ọ́, Emil."

"Mo mọ̀ pé o ò bi mí."

Emil fọwọ́ ti tábìlì, ó dìde lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dáa. Ilé oúnjẹ ò kún. Àwọn nọ́ọ̀sì méjì wà nídìí káńtà, bàbá kan ń ka ìwé ìròyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ Virgil Toth.

"Roxanne, bá mi pa rédíò yẹn."

Roxanne pa á.

"Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́," Emil wí, ó pariwo ju bó ṣe yẹ lọ, bí àwọn tí etí wọn ti ń kú ṣe máa ń ṣe. "Ní 1984, bọ́ọ̀lù kan gba ẹ̀gbẹ́ Delbert Sizemore kọjá ní ibùdó kẹta. Ó ti kan òkúta kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tí ìyá bí tó lè mú un. Èmi ni akọ̀wé eré. Mo rí i dáadáa, mo sì kọ irọ́ sílẹ̀."