Ògiri Ilé Thirlbeck

Lọ́jọ́ tí àwọn ọlọ́ṣà láti Skọ́tíláǹdì ré ààlà kọjá, orí àkàbà ni Wymark mọlémọlé wà, ó ń to òkúta sórí ògiri ilé Thirlbeck. Olóyè Fulk ló ni ilé náà: ilé gogoro, ògiri rẹ̀ nípọn bí ènìyàn ṣe gùn, yàrà omi yí i ká. Gbogbo ará abúlé ló ru òkúta rẹ̀, nítorí ó ṣèlérí fún wọn pé bí ogun bá dé, inú rẹ̀ ni wọn yóò sá sí.

Ogun dé. Àwọn ènìyàn ń sáré bọ̀. Emmot, ìyàwó Wymark, wà láàárín wọn, ó gbá Avice ọmọ wọn mọ́yà.

"Ẹ ti ẹnubodè!" ni Olóyè Fulk wí.

Wymark bẹ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. "Olóyè, ẹ ṣàánú mi, ìyàwó mi ti dé etí afárá!"

"Àwọn ọlọ́ṣà ńkọ́, tí wọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀? Ṣé kí gbogbo wa kú ni?"

Wọ́n ti ẹnubodè náà. Àwọn mìíràn rí igbó sá sí. Emmot kò rí i. Inú koríko etí odò ni wọ́n ti bá Avice láàyè, lábẹ́ òkú ìyá rẹ̀.

Wymark sin ìyàwó rẹ̀, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, kò sì tẹ ilé Thirlbeck mọ́.

Ogún ọdún kọjá. Fulk ti kú. Nígbà òtútù kan, ògiri ilé ìṣọ́ tó wà ní igun ilé Thirlbeck lanu láti òkè délẹ̀, Drew ọmọ Fulk sì wá kan ilẹ̀kùn Wymark fúnra rẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbà mí. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ bí wọ́n ṣe mọ ọ́n."

Wymark bá a lọ. Ó fọwọ́ pa ibi tó lanu náà, ó fi òòlù kan òkúta, ó dẹtí. "Ó ṣeé tún ṣe," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n èmi kọ́."

"Ohun tí bàbá mi ṣe, ṣé èmi ni mo ṣe é?"

"Rárá o, Olóyè. Mi ò bá yín jà. Ọwọ́ mi ni kò gbà. Yìnyín ló dì í mú; ẹ kó àwọn ọmọ yín jáde kí ó tó yọ́."

Drew bẹ gbogbo abúlé. Kò sí ẹni tó bá a gbé òkúta kan. Ó kó ẹbí rẹ̀ jáde. Nígbà tí yìnyín yọ́, ilé ìṣọ́ wó, ó fa ògiri ìhà àríwá lọ. Kò pa ẹnì kankan.

Wymark gbọ́ ariwo náà láti oko. Ó jókòó sínú aporo, ó bú sẹ́kún.

"Bàbá, mo rò pé inú yín á dùn," ni Avice wí.

"Ọdún mẹ́fà ni mo fi mọ ògiri yẹn, ọmọ mi. Ó dára. Ó dára gan-an."

Kí ọdún tó yípo, àwọn ará abúlé ti ń kó òkúta rẹ̀ lọ fi mọ ilé àgùntàn. Avice náà kó tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló bá a tò ó.