Apá Tó Ń Kú Lókè

Ọjọ́ tí alábẹ̀wò ilé-ìwé wọ kíláàsì Mélanie ní Koko ni àṣírí rẹ̀ tú. Ó ti ń fi ọ̀rọ̀ apá ọ̀tún rẹ̀ pamọ́ láti ìgbà àkọ́rọ̀ òjò. Bí ọwọ́ bá ti kú, á yíjú sí àwọn ọmọ, á bi wọ́n ní ìbéèrè, á sì máa gbọn ọwọ́ náà lẹ́bàá itan rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ á fi padà síbẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, kò rí ibi tí á yíjú sí. Ọkùnrin náà jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ó ń wò ó. Mélanie kọ déètì sókè pátákó, ó kọ orúkọ ẹ̀kọ́ sábẹ́ rẹ̀. Kó tó parí ìlà kejì, ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀ lé e ti ń ta á, bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Lẹ́yìn náà ni gbogbo apá ọ̀tún wúwo bí igi tútù. Ẹfun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ òsì mú òmíràn, ó kì í bọ ọ̀tún. Ìyẹn náà bọ́. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín.

Alábẹ̀wò ò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ náà ló ń wò, bó ṣe funfun láti ìka dé ọrùn ọwọ́.

"Màdámù, ṣé ara yín le?"

"Ara le, ọ̀gá. Ọwọ́ ló sùn."

"Ọwọ́ tó bá sùn a máa jí. Ṣé èyí máa ń jí dáadáa?"

Mélanie yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó bi àwọn ọmọ pé ta ló máa wá bá òun parí ìlà náà. Gbogbo kíláàsì nawọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń jùwọ́, wọ́n ń pariwo "Èmi, Màdámù!" Ó dúró, ó ń wo apá wọn tó gòkè láìsí wàhálà kankan. Omi lé rorò sójú rẹ̀, ó sì gbé e mì.

Ọmọ Bantè ni Mélanie. Lọ́dọ̀ àwọn sísítà ìjọ Àgùdà ló ti kàwé, iṣẹ́ tíṣà ló sì ti wù ú láti kékeré. Pascal, ọkọ rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Bantè. Ọmọbìnrin kan, Tatiana, ni wọ́n bí. Àràárọ̀ ni Mélanie ń gun alùpùpù lọ sí Koko, láìpẹ́ yìí ó sì ti di dandan fún un kó máa dúró lẹ́bàá ọ̀nà, kó sọ apá sílẹ̀ kí ó tó lè máa lọ. Bó bá ń di irun Tatiana, á sinmi. Bó bá ń sá aṣọ sórí okùn, á sinmi. Lóru, ìrora á gba abẹ́ ọrùn sọ̀ kalẹ̀ sí èjìká, á sì dé ìgbọ̀nwọ́.

Wọ́n ti gbé e kiri. Nọ́ọ̀sì kan ní làkúrègbé ni, ó fún un lábẹ́rẹ́. Dókítà kan yẹ àyà rẹ̀ wò, ó ní ọkàn rẹ̀ dára, ìrònú ló pọ̀ jù lórí rẹ̀, kó lọ sinmi. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ gbà pé ẹnì kan ló ń bá a jà nílé-ìwé. Ó fẹ́ kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí i lápá. Mélanie kọ̀. Nígbà tí ìyá rí i pé ó kọ̀ délẹ̀, ó yọ́ òrí, ó sì ń fi pa á lọ́rùn ní ìrọ̀lẹ́ láìsọ̀rọ̀. Ìyẹn nìkan ni Mélanie gbà, torí ó ń tù ú lára.

Lẹ́yìn ìbẹ̀wò yẹn, Vivien, ọ̀gá ilé-ìwé, pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò sì fẹ́ kí ojú tì í.

"Mo lè bá ọ bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀, kí wọ́n gbé ọ lọ sí ọ́fíìsì. Níbẹ̀, o ò ní máa gbápá sókè."

"Ẹ ṣé, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe mí."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó dúró níwájú dígí, ó gbé apá méjèèjì sókè. Ó ń la ọwọ́, ó ń pa á dé, ó sì ń wò wọ́n. Ọwọ́ òsì wà bó ṣe wà. Ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, ó di funfun, ó sì tutù. Ó sọ wọ́n kalẹ̀, ó tún un ṣe. Bákan náà ló rí. Ó pe Pascal wọlé.

"Bàbá Tatiana, ẹ wo èyí. Ṣé ìrònú ló ń sọ ọwọ́ kan di funfun, tó wá fi èkejì sílẹ̀?"

Pascal wò ó. "Ṣùgbọ́n dókítà ti sọ̀rọ̀."

"Dókítà ò rí i lókè. Ìsàlẹ̀ ló wà nígbà tó wò ó. Ilé-ìwòsàn Savalou ni mò ń lọ. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ tẹ̀ lé mi."

Ó tẹ̀ lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń ráhùn.

Ní Savalou, ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Basirath ni wọ́n darí wọn sí. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní kinè ló ń ṣe: ọwọ́ àti ìdárayá ló fi ń wo iṣan àti oríkèé. Kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan Mélanie rárá. Ó ní kó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù, ó sì pe Pascal.

"Bàbá, ẹ fi ìka yín síbí. Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ. Ó ń lù kìkì kìkì."

Basirath gbé apá Mélanie sókè díẹ̀díẹ̀, ó fà á sẹ́yìn, ó sì ní kó yíjú. Pascal tẹ ìka mọ́ ọn, ó ṣí i sọ́tùn-ún, ó ṣí i sósì.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́."

"Ẹ̀jẹ̀ ò kọjá mọ́ ni."

Ojú Pascal yí padà. Ó wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. Mélanie ní ti tirẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn, ó sì yà á lẹ́nu pé inú òun ń dùn. Ẹlòmíràn ti rí i.

Basirath pe orúkọ àìsàn náà lédè Faransé. Ó gùn débi pé Pascal ní kó tún un pè. "Ẹ̀gbọ́n," ó sọ fún Mélanie, "iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí apá, àti èyí tó ń jẹ́ kí ọwọ́ mọ nǹkan lára, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà, láàárín ọrùn àti èjìká. Ojú ọ̀nà yẹn ò fẹ̀ lára ẹnikẹ́ni. Tiyín há ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá gbápá sókè, á fún wọn mọ́lẹ̀. A máa ya fọ́tò eegun ká lè mọ ohun tó dí i."

Fọ́tò náà fi hàn kedere. Eegun kan hù sí ìsàlẹ̀ ọrùn rẹ̀ lọ́tùn-ún, bí eegun ìhà kékeré kan tó ṣìnà. Wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Nígbà tí Mélanie gbé fọ́tò náà délé, ìyá rẹ̀ gbé e sójú oòrùn, ó wò ó pẹ́.

"Kò sẹ́ni tó ṣe é, àbí?"

"Kò sí, Ìyá."

"Èmi ni mo bí i mọ́ ọ."

Mélanie gba fọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá, ẹ̀yin náà lẹ bí àwọn eegun tó kù mọ́ mi, àwọn sì ni mo fi dúró."

Ìdárayá bẹ̀rẹ̀. Basirath kọ́ ọ bí á ṣe máa mí láti inú ikùn dípò èjìká, bí á ṣe máa na ọrùn láìfipá, bí á ṣe máa fa ẹ̀yìn èjìká pọ̀. Ó ní kò gbọdọ̀ gbé ẹrù kọ́ èjìká mọ́, kò sì gbọdọ̀ sùn pẹ̀lú apá lókè orí. Mélanie ń ṣe é kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń ṣe é ní ìsinmi àárín ẹ̀kọ́. Àwọn tíṣà kan fi í ṣẹ̀sín. Ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ó bẹ Vivien pé kí wọ́n tú pátákó, kí wọ́n kàn án sísàlẹ̀. Vivien fúnra rẹ̀ mú òòlù wá. Ìyàtọ̀ wà. Mélanie ń sùn lóru. Ó ń dé Koko láìdúró lọ́nà.

Àmọ́ nígbà tí ọyẹ́ dé, ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, orí ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ ti dúdú, ó sì ń dùn ún bí ẹni tí iná jó. Kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó gun ọkọ̀ lọ sí Savalou. Bí Basirath ṣe rí ìka náà, ó dìde.

"Èyí ti kọjá ọwọ́ mi, ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbọ́dọ̀ lọ sí Cotonou báyìí. Bí ìdárayá bá lè ṣe é ni, ǹ bá sọ fún yín."

Dókítà oníṣẹ́-abẹ ní Cotonou ò fi bò. Eegun náà ti ha iṣan ẹ̀jẹ̀ lára, ẹ̀jẹ̀ ń dì níbẹ̀, ìdì kéékèèké sì ń ṣàn lọ sí ìka. Wọ́n máa fún un lóògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, lẹ́yìn náà wọ́n máa la abẹ́ ọrùn, wọ́n máa yọ eegun náà, wọ́n á sì tún iṣan ṣe. Ó tún sọ ewu tó wà níbẹ̀: ibi tí wọ́n fẹ́ là sún mọ́ ẹ̀dọ̀fóró, iṣan tó ń darí ọwọ́ sì wà nítòsí.

Pascal, tó bá a wá, jáde síta. Mélanie bá a lẹ́bàá ògiri.

"Bí wọ́n bá ṣèèṣì ge nǹkan míì ńkọ́?" Pascal bi í. "O lè máa lo ọwọ́ òsì. O lè gba iṣẹ́ ọ́fíìsì tí Vivien ń wí."

"Ẹ̀rù ń bà yín."

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ó ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n ìka ò ní dúró de ìgbà tí ẹ̀rù wa bá lọ. Ẹ jẹ́ ká wọlé lọ sọ fún wọn pé a gbà."

Ẹbí ọkọ àti ti ìyàwó ló dá owó iṣẹ́ abẹ náà jọ. Ìyá wá sí Cotonou, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìwòsàn pẹ̀lú rosárì lọ́wọ́ títí wọ́n fi gbé ọmọ rẹ̀ jáde. Nígbà tí oògùn oorun kúrò lójú Mélanie, ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, àyà rẹ̀ ń dùn ún bó bá mí. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó pa ìka rẹ̀ dé. Gbogbo wọn dáhùn.

Kò tètè sàn. Fún ìgbà pípẹ́, kò lè gbé ife omi. Lọ́jọ́ mìíràn á bínú, á ní òun ò ṣe ìdárayá kankan. Lọ́jọ́ kejì á tún bẹ̀rẹ̀. Awọ abẹ́ ọrùn rẹ̀ ò mọ nǹkan lára mọ́ títí dòní, ìka kékeré a sì máa kú díẹ̀ bí òtútù bá mú. Ṣùgbọ́n ìka tó dúdú bó, ara tuntun yọ níbẹ̀. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé, ó padà sí Koko, sí kíláàsì rẹ̀.

Ní ìparí oṣù tó kọjá, Basirath ránṣẹ́ pè é sí Savalou. Onídìrí kan tó ń jẹ́ Hafsath wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń sunkún. Ojoojúmọ́ ló ń gbápá sókè lórí irun èèyàn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ti ń kú. Ọkọ rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni, kò sì fẹ́ kó padà wá fún ìtọ́jú mọ́.

Mélanie fa àga sún mọ́ ọn. Ó fa ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ojú àpá hàn án. Hafsath fọwọ́ kàn án díẹ̀.

"Ṣé ó dùn yín?"

"Ó dùn mí púpọ̀. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń dé orí iṣẹ́ abẹ, ìdárayá lè tó fún ọ. Ṣùgbọ́n o ò ní mọ̀ bí o ò bá wá."

Fóònù Hafsath dún. Ó wo orúkọ tó yọ sójú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wálẹ̀.

"Ọkọ mi ni."

Mélanie na ọwọ́ ọ̀tún sí i. "Gbé e fún mi, àbúrò. Jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀."