Ọkọ̀ Aago Mẹ́rin Ààbọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú Bàbá Alámì, kó kọ̀wé sí i láìfi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lédè, báírò pupa kan kì í sì í kúrò lápò àyà rẹ̀. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì, báírò ò fẹ̀yìn tì. Bó bá rí pátákó tí wọ́n kọ ìkọkúkọ sí lójú títì, á dúró tì í, á máa pòṣé títí àwọn tó ń kọjá á fi máa wo ohun tó ń wò. Àwọn ọmọ iléèwé ló sọ ọ́ ní Bàbá Alámì láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun sì gba orúkọ náà bí oyè.

Ọlọ́run tó mọ bó ṣe ń pín nǹkan wá fún un ní ìyàwó tí kò fi àmì sórí nǹkan kan rí. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó, ó sì ń kọ̀wé bí ẹni tí aláìsàn mẹ́wàá ń dúró dè. Nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ra sọ́nà, ó kọ lẹ́tà sí i pé, "Oko mi, mo n reti yin." Tíṣà fi báírò pupa tọ́ ọ, ó fún un ní máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá, ó dá lẹ́tà padà. Ó kọ sí etí ìwé pé: "Èwo nínú rẹ̀? Ọkọ tó ń fẹ́ni, ọkọ̀ tó ń gbéni, oko tí à ń ro, àbí èyí tí àgbà kì í fẹnu pè?" Ìdáhùn ọmọbìnrin náà kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: "Gbogbo e." Bí wọ́n ṣe fẹ́ra wọn nìyẹn o.

Ọdún kẹta rèé tí ìgbàgbé ti ń bá nọ́ọ̀sì fínra. Ó kọ́kọ́ gbàgbé ibi tó gbé kọ́kọ́rọ́ sí, lẹ́yìn náà ó gbàgbé ohun tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣe. Ó gbàgbé orúkọ ọmọ, ó gbàgbé ọ̀nà ilé ìdáná. Ọkọ rẹ̀ nìkan ni kò tíì gbàgbé. Àmọ́ bó bá jí lójú oorun tí kò rí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé, "Ọkọ mi ti lọ! Ọkọ mi ti lọ!" Á máa fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, ó sì lè tó wákàtí méjì kó tó padà bọ̀ sípò. Bàbá Alámì kì í lọ sí ẹnu géètì mọ́ láìwí fún un. Ìbẹ̀rù tó ń gbé àyà rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ: kí obìnrin yẹn jí, kó má rí òun.

Ọmọ wọn obìnrin ló ní kí wọ́n wá wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí òkun, pé dókítà ní afẹ́fẹ́ òkun á dáa fún Màmá. Ilé alájà mọ́kànlá tó ń rìn lórí omi ni ọkọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló ń yà sí ìlú kan, àwọn èrò á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á rìn kiri, wọ́n á padà wọlé kó tó gbéra. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn pé ọkọ̀ yìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò kan Bàbá Alámì. Èbúté mẹ́ta ni wọ́n ti yà sí, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ sì ń ṣí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kò sí èyí tí òun àti ìyàwó rẹ̀ tẹsẹ̀ sí ilẹ̀ rẹ̀.

Ní èbúté kẹrin, Màmá jókòó lé awò ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Apá kan ṣẹ́. Láìsí awò yẹn, kì í rí nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn, kì í mọ̀ bóyá ènìyàn ló wà níwájú òun tàbí aṣọ tí wọ́n fi kọ́. Àárọ̀ yẹn nìkan, ẹ̀ẹ̀mejì ló kí kọ́tìnnì.

Ọkùnrin tó ń tọ́jú yàrá wọn, tí Bàbá ń pè ní Aláṣọ Funfun nítorí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ló sọ pé ẹnì kan ń tún awò ojú ṣe láàárín ìlú, àti pé ọkọ̀ ọ̀fẹ́ ń gbé èrò láti èbúté lọ síbẹ̀, ó sì ń gbé wọn padà.

"Aago mélòó ni ọkọ̀ ń kúrò?" ni Bàbá bi í. Ọkọ̀ tó máa gbé òun bọ̀ láti ìlú ló ní lọ́kàn.

"Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni, Bàbá." Aláṣọ Funfun ń ká etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì bọ abẹ́ tìmùtìmù, kò gbójú sókè. "Ẹ má pẹ́ níta o."

Bàbá yọ ìwé kékeré, ó kọ ọ́: *Ọkọ̀: aago mẹ́rin ààbọ̀.* Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbogbo àmì ló pé.

Màmá ti ń tòògbé lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú.

"Tíṣà, ẹ má lọ o."

"Awò ojú rẹ ni mo fẹ́ lọ tún ṣe."

"Ṣé ẹ máa dé?"

"Màá ti dé kí o tó jí."

Ó bọ́ súẹ́tà rẹ̀ fún un kó dì í mú, bó ṣe máa ń ṣe nílé tó bá fẹ́ lọ wẹ̀. Màmá fi imú sí i, ó sùn. "Bá mi máa yọjú sí i," ni Bàbá wí fún Aláṣọ Funfun, ìyẹn sì ní òun á máa yọjú sí wọn.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún awò ojú ṣe kò fẹ̀ ju yàrá ìwẹ̀ lọ, ìdúró bọ́ọ̀sì ló kọjú sí. Ẹni tó ni ibẹ̀ jẹ́ arúgbó kan tó fi awò mẹ́ta lé orí ara wọn lójú ara rẹ̀. Ó kan apá awò Màmá padà, èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ sì tóbi ju ìdè irin bíńtín tó fi ń dè é mọ́ ara awò lọ. Ìdè náà já bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn àgbà méjèèjì kúnlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ra ilẹ̀ títí wọ́n fi rí i. Síbẹ̀, aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú ni iṣẹ́ parí. Bàbá nu awò náà, ó fi í sápò àyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báírò. Kò sí ohun tó dá a dúró mọ́.

Àfi pátákó. AWO OJU ni wọ́n kọ sókè ẹnu ọ̀nà, gbọọrọ, láìsí àmì kan.

"Baálé, awo wo lẹ̀ ń tà níbí?" ni Bàbá béèrè. "Àwo tí à ń fi jẹun ni, àbí awo tí kò gbọdọ̀ dé etí ọ̀gbẹ̀rì?"

Arúgbó rẹ́rìn-ín. "Ogún ọdún rèé tó ti wà bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó mú abọ́ wá rí."

"Ẹ fún mi ní àpótí ìjókòó kan àti ọ̀dà díẹ̀."

"Ṣé ẹ ò kánjú?"

"Ọkọ̀ wa di mẹ́rin ààbọ̀."

"Há, ó ṣì pẹ́."

Tíṣà bá gun àpótí. Ó fi ọ̀dà fa àmì ohùn ìsàlẹ̀ sórí O, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó nù ún, ó tún un fà. Nígbà tó ń ṣe ti OJÚ lọ́wọ́, ọkọ̀ ńlá funfun kan kún fún èrò lẹ́yìn rẹ̀, ó fun fèrè, ó lọ. Bàbá gbọ́ ọ. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, ẹ máa lọ, tèmi ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó sọ̀kalẹ̀, ó fọwọ́, arúgbó bu omi tútù fún un, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa eegun orúnkún. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló rọra sọdá sí ìdúró bọ́ọ̀sì, inú rẹ̀ ń dùn pé òun tètè dé.

Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ló wà níbẹ̀.

"Bàbá, ta lẹ̀ ń dúró dè?"

"Ọkọ̀ èbúté ni, ọmọ mi."

"Èyí tó kẹ́yìn ti lọ láti aago mẹ́ta ààbọ̀."

"Rárá o. Mẹ́rin ààbọ̀ ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀." Ó nawọ́ ìwé sí i.

Obìnrin náà ka ìwé, ó gbójú sókè wò ó, ó sì fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ tọ́ka sí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó. "Bàbá, mẹ́rin ààbọ̀ ni ọkọ̀ ojú omi yẹn fúnra rẹ̀ ń gbéra lónìí. Ẹ wò ó níbí."

Bàbá Alámì wo bébà, ó wo ìwé rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń rìn nílẹ̀, ọkọ̀ tó ń rìn lórí omi: ọ̀rọ̀ kan, ìpè kan, àmì kan náà. Kò sí báírò pupa tó lè là wọ́n níyà. Gbogbo ọdún tó ti ń fi àmì gbéra ga, kò wá sí i lọ́kàn rí pé ọ̀rọ̀ lè pé pérépéré kó sì tún pa èèyàn.

Obìnrin yẹn ló bá a ké sí takisí. Bàbá tẹ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ọkọ̀ rẹ̀. Ohùn dídùn kan ní kó tẹ oókan, kó tẹ eéjì, kó jọ̀ọ́ kó ní sùúrù, orin sì bẹ̀rẹ̀. Orin yẹn ṣì ń dún létí rẹ̀ nígbà tí takisí dé etí odò, tí irin pupa kan sì wálẹ̀ dí ojú ọ̀nà. Wọ́n ń gbé afárá sókè.

"Kí ló dé?"

"Ọkọ̀ aláṣọ kékeré kan, irú èyí tí atẹ́gùn ń tì lórí omi, ló fẹ́ kọjá," ni awakọ̀ wí, ó pa iná ọkọ̀. "Bàbá, ẹ fara balẹ̀."

"Ara wo ni kí n fi balẹ̀?"

Ọkọ̀ aláṣọ náà ń bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọkùnrin kan jókòó sídìí rẹ̀, ó ń mu tíì, ó juwọ́ sí gbogbo àwọn tó ń dúró. Bàbá Alámì bọ́ sílẹ̀, ó di irin pupa mú. Ibi tó wà yẹn, ó ń rí ọkọ̀ wọn lọ́ọ̀ọ́kán, funfun, gíga, ó ń rí ojú fèrèsé. Ó ka àjà dé ìkeje tí yàrá wọn wà, ó ka fèrèsé láti ẹ̀yìn wá, ó ṣì í kà, ó tún un kà. Ó ṣe é bí ẹni pé tí òun bá ti rí fèrèsé yẹn, ó lè di ọkọ̀ náà mú. Aago mẹ́rin ààbọ̀ lù lórí ilé kan lẹ́yìn rẹ̀ kí afárá tó wálẹ̀.

Wọ́n dé ẹnu géètì. Ẹ̀ṣọ́ wo káàdì rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó ṣí ọ̀nà. Bàbá sáré, ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Nígbà tó dé etí omi, wọ́n ti fa àtẹ̀gùn wọlé, wọ́n ti tú okùn. Omi tó wà láàárín òun àti ọkọ̀ kò tíì fẹ̀ ju yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan lọ. Ó pariwo. Ó juwọ́. Ó yọ awò ojú jáde, ó ń fì í lókè, bí ẹni pé obìnrin tí kò ríran á rí i. Ọkọ̀ fun fèrè, fèrè náà gbé ohùn rẹ̀ mì.

Obìnrin kan tó wọ aṣọ àwọ̀lékè olómi ọsàn, aṣojú ọkọ̀ ní èbúté, dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin ni bàbá tó kù? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pe orúkọ yín nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn."

"Ṣé wọ́n ń gbọ́ ọ nínú yàrá náà?"

"Gbogbo ibi ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ, Bàbá."

Màmá ti jí nìyẹn. Ó gbọ́ orúkọ ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ tí kò lójú, lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì na ọwọ́, kò kan ẹnì kankan.

"Ẹ pè wọ́n kí wọ́n dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun. Ara ìyàwó mi ò yá. Ẹ bá mi wá ọkọ̀ kékeré kan tó lè lé e bá."

"Ọkọ̀ tó bá ti tú okùn kì í padà, Bàbá. Ọ̀túnla ni wọ́n máa dé èbúté tó kàn. Ẹ lè wọ bàálù lọ pàdé wọn."

"Ọ̀túnla? Alẹ́ òní ńkọ́?"

Obìnrin náà na àpò bébà ńlá kan sí i. Ó ní bí èrò bá kù sílẹ̀, wọ́n máa ń lọ mú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ nínú yàrá, wọ́n á fi sílẹ̀ fún un. Bàbá tú u. Páásípọ́ọ̀tù wà níbẹ̀ lóòótọ́. Lábẹ́ rẹ̀, súẹ́tà rẹ̀ ni, wọ́n ká a dáadáa, etí sí etí, bí nọ́ọ̀sì ṣe ń ká aṣọ. Ẹ̀yìn àpò bébà ló wá rí ìkọ̀wé ńláńlá tó ń gun ara wọn, ìkọ̀wé ẹni tí kò rí ohun tó ń kọ: *Oko mi ti lo.*

Báírò pupa ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó fi àmì tóótó sábẹ́ O àkọ́kọ́, ó fi sábẹ́ èkejì, ó fi sábẹ́ èyí tó kẹ́yìn. Ó ku àmì kan ṣoṣo. Bó bá fi ohùn ìsàlẹ̀ sórí O kejì, ọkọ̀ ló lọ: Màmá mọ̀ pé ọkọ̀ ló gbé òun lọ, ó mọ̀ pé òtútù á mú ọkọ òun, ló ṣe fi súẹ́tà ránṣẹ́. Bí kò bá sì fi nǹkan kan sí i, ọkọ ló lọ, igbe tó máa ń ké nílé náà ni. Ohùn àárín kì í gba àmì.

Báírò dúró lókè ọ̀rọ̀ náà. Ọkọ̀ ti yí ìdí padà sí èbúté.

"Báwo ló ṣe pè é?" ni Bàbá Alámì béèrè.

"Ta ni, Bàbá?"

"Ìyàwó mi. Ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tó ń fún wọn, báwo ló ṣe pè é lẹ́nu?"

"Mi ò rí Màmá o. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan ló gbé e sọ̀kalẹ̀ fún mi, ó sì ti sáré padà wọlé."