Ìgò Tí Kò Gbà Fún Àgbà

Eyín àtọwọ́dá tíṣà àgbà ló kọ́kọ́ jáde. Ìgò náà kò ṣí. Bàbá náà ti fi eyín di etí ìgò mú, ó fà á, ó tún un fà, nígbà tó sì máa gbé orí sókè, eyín ti dúró sára ìgò, ẹnu ti ṣófo. Bàbá wo eyín, eyín wo Bàbá. Ó rọra yọ ọ́, ó fi aṣọ ìnujú nù ún, ó dá a padà sáyè rẹ̀.

"Ẹ gba ìgò yín," ló wí, ó sì jáde.

Lẹ́yìn gíláàsì, nínú yàrá kékeré tí wọ́n ti ń wo àwọn tó ń ṣe ìdánwò láìjẹ́ pé àwọn yẹn ń rí wọn, obìnrin tó ṣe ìgò náà kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sínú ìwé rẹ̀: "Eyín." Ó fa ìlà sí i nídìí.

Àgádágodo ni wọ́n ń pe obìnrin náà níbi iṣẹ́. Oṣù mẹ́rìnlá ló fi ń ya àwòrán ohun tí yóò máa ti orí ìgò ọṣẹ pa, irú ìgò tí èèyàn ń fi ìka fà lọ́rùn kí omi ọṣẹ tó fín jáde, kí àwọn ọmọdé má baà fín in síra wọn lójú. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ náà rọrùn: etí kékeré méjì wà lọ́rùn ìgò, ahọ́n kan wà láàárín wọn, èèyàn yóò fún etí méjèèjì pọ̀ gírígírí, yóò sì gbé ahọ́n sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àádọ́ta ọmọdé jókòó tì í. Wọ́n lá a, wọ́n là á mọ́lẹ̀, wọ́n fi ṣe ọkọ̀. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ṣí i. Inú Àgádágodo dùn débi pé ó ra bisikíìtì fún gbogbo ọ́fíìsì.

Ṣùgbọ́n òfin ní apá kejì: àgbà gbọ́dọ̀ lè ṣí i láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí wọn ò bá rí i ṣí, iléeṣẹ́ yóò da àwòrán rẹ̀ nù, wọn yóò lọ ra ti ẹlòmíì, wọn yóò sì dá òun padà sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń lẹ ìwé mára ìgò.

Àgbà mọ́kànlá ti wọlé, wọ́n ti jáde. Ẹnì kan péré ló ṣí i, sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì, òun náà sì já ahọ́n ìgò bí ẹni já ewé. Olùdánwò, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín, kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Ó ṣí. Kò ṣeé tì mọ́."

"Ẹni kejìlá," ni olùdánwò wí.

Ilẹ̀kùn ṣí, ìyá Àgádágodo wọlé.

Àgádágodo dìde lórí àga, ó tún jókòó. Òfin kò gbà kí ẹni tó ṣe ìgò bá àgbà kankan sọ̀rọ̀ kí ìdánwò tó parí. Màmá wọ bàtà tó máa ń wọ̀ lọ síbi pàtàkì. Ó jókòó, ó gbé báàgì lé itan, ó ń wo yàrá náà yíká bí ẹni tó fẹ́ háyà rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ló sọ fún olùdánwò. "Ọmọ mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ lókè yìí. Ó máa ń yàwòrán. Mi ò sọ fún un pé mò ń bọ̀, kó má baà rò pé mo wá ṣọ́ ọ. Ìwé tí ẹ lẹ̀ mógiri ilé ìwòsàn ni mo rí, pé ẹ ń wá àgbà. Mo ní èmi náà ti kúkú dàgbà."

"Ẹ kú ìrìn, Mà. Ẹ ṣí ìgò yìí, kí ẹ fín in lẹ́ẹ̀kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ ní."

Màmá kò fọwọ́ kan ìgò. Ó béèrè bóyá olùdánwò ti jẹun. Ó yin irun rẹ̀. Ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀.

"Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tó ti bàbá rẹ̀ mọ́ balùwẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ la tó rí i yọ."

"Ó ku ìṣẹ́jú méjì, Mà."

Ojú ti Àgádágodo lẹ́yìn gíláàsì. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé Màmá ti sọ ìdánwò di ìbẹ̀wò. Àfìgbà tí Màmá gbé ọwọ́ jáde lábẹ́ báàgì. Oríkèé ìka rẹ̀ wú bíi kókó ara igi, àwọn ìka náà kò sì fẹ́ tẹ̀. Ó fi méjì nínú wọn di etí ìgò mú. Wọ́n yọ̀ kúrò. Ó tún un ṣe, wọ́n tún yọ̀. Ó fi aṣọ ìnujú wé e. Ó gbé e sáàárín orúnkún. Ó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bẹ ọmọ kó lanu gba oògùn. Níkẹyìn ó gbé e padà sórí tábìlì, ó tì í síwájú.

"Ta ló ṣe nǹkan yìí?"

"Wọn ò gbà kí n sọ, Mà."

"Ẹni yòówù kó jẹ́, kò níyàá."

Olùdánwò gbójú wo gíláàsì. Ó tètè bojú wolẹ̀, ó tẹjú mọ́ ìwé ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ méjèèjì ti ń gbọ̀n.

Bí aago ṣe dún ni Àgádágodo gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ wọlé.

"Màmá, èmi ni mo ṣe é."

Màmá wò ó, ó wo ìgò, ó tún wò ó. Kíá lọ̀rọ̀ yí padà lẹ́nu rẹ̀. "Ó dára o. Ó le dáadáa. Olè kankan ò lè jí ọṣẹ yẹn lò." Ó yíjú sí olùdánwò. "Ẹ kọ ọ́ pé ó kù díẹ̀ kí n ṣí i. Ẹ ní ọ̀rọ̀ ni mo sọ jù."

"Mi ò lè kọ bẹ́ẹ̀, Mà."

"Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́."

Àgádágodo fa àga mọ́ra, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Láti ìgbà wo?"

"Òtútù ni."

Ooru ń mú nínú yàrá náà.

"Tó bá jẹ́ nílé, báwo lẹ ṣe ń ṣí nǹkan?"

Ó dùn mọ́ Màmá pé wọ́n ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ ọwọ́. Ó gbé ìgò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti ìpàkọ́ ìgò, ó na àwọn ìka tí kò tẹ̀ wọ̀nyẹn gbọọrọ yí orí ìgò ká títí wọ́n fi kan iwájú. "Mi ò kí ń fún nǹkan pọ̀. Mo máa ń gbá a mọ́ra ni."

Àgádágodo wo àlàfo tó wà láàárín àtẹ́lẹwọ́ yẹn àti orí ìka. Odindi oṣù mẹ́rìnlá ló fi ń wá agbára tí ọmọdé kò ní. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Ẹni tí kò kàwé mọ̀ ọ́n. Òun ló lọ kàwé títí tó fi gbàgbé. Ó gba bébà lọ́wọ́ olùdánwò, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó ya orí ìgò sẹ́yìn rẹ̀: bọ́tìnì kan ní ìpàkọ́, ọ̀kan níwájú, tí wọ́n jìnnà síra ju ibi tí ọwọ́ ọmọ ọdún márùn-ún lè nà dé. Àgbà yóò gbá a mọ́ra, yóò tẹ méjèèjì wẹ́rẹ́, yóò sì fi ìka tó kù fà á.

"Bí ọmọ bá wá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?" ni olùdánwò bi í.

"Ọwọ́ wo ló máa wá fi fà á?"

Olùdánwò ronú sí i. "Ó ṣeé gbé wá fún àwọn ọmọdé wò. Ẹ dá bébà mi padà, èsì ìdánwò wà lójú rẹ̀ kejì."

Nígbà tí ọ̀gá iléeṣẹ́ gbọ́, ó mí kanlẹ̀, ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kún àkókò rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Àgádágodo sin Màmá délé. Lójú ọ̀nà, Màmá sọ fún awakọ̀ pé òun ló kọ́ ọmọ òun níṣẹ́. Bí wọ́n ṣe dé, Àgádágodo wọ ilé ìdáná lọ bu omi mu. Ìdérí ike iyọ̀ kàn jókòó lé e lórí ni. Ife ni wọ́n fi bo ẹnu ìgò òróró. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú abọ́ kékeré, àwo pẹlẹbẹ lórí rẹ̀, ìgò oògùn gan-an sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lófìfo. Kò sí nǹkan kan tí wọ́n dé pa nínú gbogbo ilé ìdáná náà. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Àgádágodo ń wá síbẹ̀. Kó tó máa lọ, á dé gbogbo wọn pa fún Màmá, gírígírí, bí ọmọ gidi.

"Màmá," ló pè láti ibẹ̀, "bí mo bá ti lọ, ta ló máa ń bá yín ṣí wọn?"

"Aládùúgbò ni," ni Màmá dáhùn láti pálọ̀. "Kì í pẹ́ dé. Nígbà mìíì, ọjọ́ kejì ló ti máa ń dé."

Ìdérí iyọ̀ ti wà lọ́wọ́ Àgádágodo. Ó rọra gbé e lé orí ike, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.