Ohun Tí Oyèbọ́lá Rí ní Tarragona

Ta ló tiẹ̀ rán Ìlérí níṣẹ́? Ọmọ ọdún méjìdínlógún tó ń ta bàtà ní Powis Street ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ Sátidé ló fi owó iṣẹ́ rẹ̀ gbé Oyèbọ́lá ìyá rẹ̀ lọ sí Tarragona, ìlú àtijọ́ kan létí òkun ní Spéìn, fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó ní kí Mummy náà fojú kan nǹkan tó dáa kí òun tó lọ sí yunifásítì.

Oyèbọ́lá ò rí nǹkan kan! Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń nulẹ̀ ọ́fíìsì ní ìdájí, tó tún ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Thamesmead títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bó ṣe fìdí kan àga olókùúta tí àwọn ará Róòmù tò yí pápá ìran wọn ká báyìí, ó ti sùn lọ. Wọ́n dé ibi odi ìlú, ó tún sùn. Bó bá ti ta jí, á ní, "Ó mà rẹwà o!" Ìtìjú ò jẹ́ kó lè wo ojú ọmọ náà.

Wọ́n padà sílé, wàhálà dé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn ní Plumstead, ẹni tó bá rìnrìn àjò tó bọ̀ gbọ́dọ̀ dìde lọ́jọ́ Ìsinmi, kó dúpẹ́, kó sì sọ ohun tó rí. Kí ló fẹ́ sọ? Nígbà tí Ìlérí gba fọ́tò ìrìn àjò wọn dé láti ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, kíá ni Oyèbọ́lá já a gbà, bóyá á rí nǹkan dì mú níbẹ̀.

Fọ́tò mẹ́rìnlélógún. Òun náà ló wà nínú gbogbo wọn, tó ń sùn, ẹnu ní yíyà, báàgì láyà. Áà! Ọmọ yìí ti mọ̀ látọjọ́ yìí.

"Ìlérí, jọ̀ọ́, má bínú. Mo ba ìgbádùn ẹ jẹ́."

"Mummy, láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti bí mi, mi ò rí i kẹ́ ẹ sùn lọ́sàn-án rí. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí, mo gbọ́wọ́ síwájú imú yín wò. Ìgbà tó yá, mo kàn jókòó tì yín."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Oyèbọ́lá dìde nínú aṣọ funfun rẹ̀, láìwọ bàtà. Ó ti há ọ̀rọ̀ odi ìlú sórí. Àfi bó ṣe wo ìjọ: Patricia tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé láti ọsibítù, Ṣùpọ̀ awabọ́ọ̀sì tó fẹ̀yìn ti ògiri, ojú gbogbo wọn pọ́n koko nítorí àìsùn. Ọ̀rọ̀ tó há sórí sá lọ.

"Ẹ̀yin ará, mi ò ní purọ́. Mi ò rí nǹkan kan. Mo sùn ni. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, lójú ọ̀sán, mo sùn, kò sẹ́ni tó jí mi. Ọmọ mi ló ń ṣọ́ mi."

Patricia ló kọ́kọ́ pariwo "Halleluyah!" Ni gbogbo ìjọ bá dìde. Wọn ò pariwo tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó gba ìwé ìgbélùú rí. Ṣùpọ̀ ń sunkún, kò tiẹ̀ nu ojú.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Alàgbà Obed, tó ń darí ìsìn, na bírò àti bébà sí i.

"Sister, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ orúkọ ìlú yẹn sílẹ̀."